Lẹ́tà sí ìyá amọ̀kòkò mi ní Òkèlélé, Ìlọrin

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru ẹbu. Ọmọ ọmọ yín pè mí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹkún ló ń sun. Ó ní Lọ́ọ̀ lòun fi sí ìwé JAMB, àntirópọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé àti àṣà àwọn èèyàn, ni yunifásítì fún òun, gbogbo ilé sì ń bèèrè pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe. Ìbéèrè yìí kan náà lẹ bi mí lọ́dún 2014, nígbà tí mo wá ṣe ìwádìí àṣejáde mi lọ́dọ̀ yín. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn wàyí.

Ẹ ò ní gbàgbé bí mo ṣe dé. Ìbéèrè 24 ni mo tẹ̀ sórí bébà. Àkọ́kọ́ ni pé ìkòkò mélòó lẹ ń mọ lóòjọ́. Ẹ wò mí, ẹ ní, "Ìkòkò wo? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbí nígbà òjò? Ta ló ń bá mi gún amọ̀?" Ẹ gba bébà náà, ẹ fi òkúta lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ẹ bu amọ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì yín. Mo rí bí ẹ ṣe ń tẹ amọ̀ pẹrẹsẹ bo ìdí ìkòkò àtijọ́ tí ẹ dojú rẹ̀ dé, bí ẹ ṣe ń yí amọ̀ bí okùn láti fi gbé ọrùn ró. Ṣùgbọ́n ohun tí n ò lè gbàgbé ni ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn iná. Ẹ óò fi èékánná kan ara ìkòkò, ẹ óò tẹ́tí. Èyí tó bá dún gooro, ẹ gbé e sọ́tùn-ún. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú, ẹ gbé e sósì. Ó ti sán nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú mi ò rí ibi tó ti sán. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni etí mi tó mọ ìyàtọ̀, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀kọ́ náà gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àntirópọ́lọ́jì ló ń kọ́ àlejò bó ṣe máa ríran: kó lọ bá àwọn tó ni ọ̀rọ̀, kó bá wọn gbé, kó gbọ́ èdè wọn, kó fọwọ́ kan iṣẹ́ wọn kó tó ní òun mọ̀ wọ́n. N ò ní purọ́ fún yín, àwọn òyìnbó amúnisìn lò ó láti mọ bí wọ́n ṣe máa jọba lé wa lórí. Ìdí tó fi dùn mọ́ mi nìyẹn tí ọmọ tiwa bá ń kọ́ ọ.

Ìyá Obama, Ann Dunham, iṣẹ́ yìí ló ṣe. Ó jókòó ti àwọn alágbẹ̀dẹ ní Java, ní Indonesia, ìwádìí náà ló fi gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1992. Ó tún bá báǹkì kan níbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí owó yíyá fún àwọn tí òwò wọn ò tóbi.

Lọ́dún 2014 tí mo wá bá yín yẹn náà ni àrùn Ebola ń pa àwọn èèyàn ní Guinea, Sierra Leone àti Liberia. Àwọn èèyàn ń gbé òkú wọn pamọ́, torí àwọn tó ń gbógun ti àrùn náà ń sin òkú láìsí àdúrà, láìsí ẹbí nítòsí. Àwọn onímọ̀ àntirópọ́lọ́jì wà lára àwọn tó bá ìmáàmù, pásítọ̀ àti mọ̀lẹ́bí jókòó, tí wọ́n fi rí ọ̀nà ìsìnkú tí kò ní tan àrùn, tí kò sì ní tàbùkù òkú.

Èmi ńkọ́? Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi wáṣẹ́ lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kankan pé onímọ̀ àntirópọ́lọ́jì lòun ń wá. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì yẹ kí ọmọ yẹn mọ̀ kó tó wọlé. Iṣẹ́ omi ni mo wá rí. Wọ́n ti pín kẹ́ẹ̀gì onírọ́bà tó ní ọmọrí àti ẹnu ẹ̀rọ ní abúlé kan lọ́nà Òmù-Àrán, kí ọwọ́ má baà máa bọ omi mímu. Gàrí làwọn obìnrin ń kó sí i. Ọ̀gá wa ní aláìgbọràn ni wọ́n. Mo lọ jókòó nídìí ààrò ìyá kan fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó bu omi kẹ́ẹ̀gì fún mi: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bíi rọ́bà. Ó bu ti inú àmù: ó tutù rinrin. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Mo kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi pé ní Nyanza, ní Kenya, àwọn obìnrin amọ̀kòkò ti mọ àmù tí ẹnu rẹ̀ kéré, tó ní ọmọrí àti ẹnu ẹ̀rọ. Orúkọ Òkèlélé sì wà nínú ìjábọ̀ náà.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó gbà á, kó fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà kún un. Kó kọ́kọ́ lọ sí mùsíọ́mù Èsìẹ́, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945. Ère òkúta tó lé ní 1,000 wà níbẹ̀, títí dòní a ò mọ àwọn tó gbẹ́ wọn. Kó dúró níwájú wọn, kó wò wọ́n dáadáa.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìṣaasùn mẹ́ta ni mo fẹ́ rà, ẹ má ṣà á fún mi. Mo fẹ́ fi èékánná tèmi kàn wọ́n.

Ọmọ yín ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ oníbéèrè 24