Ikọ́ fée kọjá abẹ́rẹ́ òru

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo sì ń gbé. Ọ̀rọ̀ ikọ́ fée, tí àwọn kan ń pè ní ásímà, ni mo bá wá.

Bí ọyẹ́ bá dé, tí èéfín ẹja yíyan tún dà pọ̀ mọ́ ọn, àwọn ìyá á máa gbé ọmọ sáré lóru. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, èémí á balẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún dé. Kò sẹ́ni tó bi ìyá pé kí ni ọmọ ń lò nígbà tí ara rẹ̀ le.

Ìnhélà búlúù, oògùn fífà sẹ́nu tí gbogbo wa mọ̀, iṣan ọ̀nà èémí tó fún pọ̀ ló ń tú. Oògùn tó ń mú kí inú rẹ̀ tó wú rọlẹ̀ ni èyí tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búráùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á, ara ìbáà le koko, kí wọ́n sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2019 ni GINA, ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìlànà ikọ́ fée fún gbogbo àgbáyé, ti ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún 12 má gbára lé búlúù nìkan mọ́.

Owó ìnhélà ti wọ́n gan-an láti 2023 tí iléeṣẹ́ oògùn òkèèrè ńlá kan ti kógbá kúrò ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn alága káńsù wa ní Ẹ̀pẹ́, Erédò àti Ìkòsí-Ejìnrìn pé kí wọ́n fi ìnhélà kún oògùn tí wọ́n ń rà.

Ohun tí kò náni lówó, tó sì ń jẹ́ kí oògùn ìnhélà wọlé dáadáa, ni ike omi tó gba mìlílítà 500. Ẹ lu ìdí rẹ̀ níhò tó gba ẹnu ìnhélà gẹ́gẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí etí ihò náà, kí ọmọ fi ètè bo ẹnu ike, ẹ tẹ ìnhélà, kó rọra máa mí. Àwọn dókítà dán an wò ní South Africa, wọ́n gbé e jáde ní 1999 pé ó ṣiṣẹ́ fún ọmọdé bí ike ìfa-ìnhélà (spacer) tí wọ́n ń tà. Mo ti kọ́ àwọn ìyá kan lọ́jà Olúwo. Láìsí i, orí ahọ́n ni ọ̀pọ̀ oògùn náà máa ń bà sí.

Kí nọ́ọ̀sì sì máa ní kí aláìsàn fa ìnhélà lójú òun nígbàkígbà tó bá wá. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ kí n wá fi ti ike yẹn han òṣìṣẹ́ wọn, mo wà nílé, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Ẹ̀pẹ́.