Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Máṣíìnì Wa Tí Wọ́n Kó Lọ

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Aránṣọ inú ọjà
Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Máṣíìnì mọ́kànlá ni àwọn agbowó kó nínú ọjà wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Agbádá ọkọ ìyàwó ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n gbé e tòun taṣọ, òwú ń wọ́ tẹ̀ lé wọn dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ bèèrè rìsíìtì, wọ́n ya páálí bíntín, wọ́n kọ "11" sí i. Kò ní òǹtẹ̀, kò ní orúkọ. A ti fi páálí náà mọ́ ìwé yìí.

A ò sọ pé a ò ní sanwó o. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdọọdún, a ń san án, rìsíìtì wa wà nílẹ̀. "Owó àyíká" tí wọ́n ní a jẹ yìí ni kò yé wa. A ní kí wọ́n fi òfin tó gbé e kalẹ̀ hàn wá, wọ́n ní ká lọ bèèrè ní ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì ní ká padà lọ bá àwọn tó kó ẹrù.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló fún yín lágbára, òun náà ló pààlà sí i. Abala 44 ní ìjọba ò gbọdọ̀ fi tipátipá gba ohun ìní ẹnikẹ́ni, àfi bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Lóòótọ́, abala yẹn fàyè gba fífi òfin gba owó-orí. Bí a bá fi ìyẹn pamọ́, lọ́yà yín máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu agbowó. Abala 36 sì ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn.

Ẹ̀yin fúnra yín ti jẹ nínú oore ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. A bá yín yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹjọ́ tó sọ fún gómìnà pé ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyí, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ náà.

Ẹ bá wa dá máṣíìnì padà. Ẹ fi òfin owó àyíká hàn wá, kí ẹ sì pè wá ká jọ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí a ò gbọ́ nǹkan kan, a óò lọ bèèrè lọ́wọ́ adájọ́ bóyá òfin wà fún ohun tí wọ́n ṣe. Kì í ṣe ìhàlẹ̀. A ti ń dáwó lọ́yà jọ, ó sì wù wá ká má ná an.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó ẹni tó ni agbádá. Bí àwọn yòókù bá máa pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún wa ní ti agbádá yẹn.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Aránṣọ