Lẹ́tà sí Bọ̀dá Fídíò

Bọ̀dá mi,

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ yín ni wọ́n pín ẹrù. Ó yá jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Agbádá gba ọ̀nà tiẹ̀, aago gba ọ̀nà tiẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ti wọ ilé Bọ̀dá Kékeré kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó kàn mí, Màámi kàn na rìmóòtù DVD yín sí mi. "Gbà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ jọ ń fi í ṣe."

Ọ̀rá tẹ́ ẹ fi wé e ṣì wà lára rẹ̀, ó ti pọ́n bíi tíì, rọ́bà pupa ṣì so ìdí rẹ̀ kí bátìrì má baà já bọ́. Mo gbé e sún mọ́ iná. Gbogbo bọ́tìnnì ló ṣì ní àmì lórí, àfi ẹyọ kan. Igi méjì tó máa ń dúró lórí pọ́ọ̀sì ti pa rẹ́, ibẹ̀ ń dán bí ìdí omorogùn. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Mi ò sunkún nígbà tí wọ́n ń sìnkú yín o. Èmi ni wọ́n ní kí n ya fídíò rẹ̀, ẹkún a sì máa mú kámẹ́rà gbọ̀n.

Ẹ rántí ẹní inú ṣọ́ọ̀bù fídíò yín. Àwa ọmọdé á jókòó tìtì dé ẹnu ọ̀nà, fíìmù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dùn, ẹ ó kàn na rìmóòtù, òṣèré á gan pa pẹ̀lú ẹnu líla. "Níbo lẹni tó gbé kámẹ́rà dúró sí? Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ ká rí ojú ìyàwó?" Àwọn oníbàárà á máa pòṣé: "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ó máa lọ jàre!" Ẹ ò ní dá wọn lóhùn. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ògúńdé ará Ọ̀ṣọ́sà, pé orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ya fíìmù, ìdí nìyẹn tó fi mọ ìgbà tí eré ń sú èèyàn. Lọ́jọ́ kan ẹ to ìgò Fanta méjì kọjú síra wọn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé èkejì. "Apá ìlà tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yà á ni kó o dúró sí. Tó o bá fò ó, ẹni tó ń wo ọ̀tún á di ẹni tó ń wo òsì, a ó rò pé wọn ò kọjú síra wọn mọ́." Ìgò yẹn lèmi ń wò ní tèmi, mò ń retí ìgbà tẹ́ ẹ máa ṣí i.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí gan-an nìyí. Fíìmù àkọ́kọ́ mi, ìṣẹ́jú 11, fóònù ni mo fi yà á. Èmi fúnra mi ni mo ki fúláàṣì bọ DVD yín, ẹ̀yin sì fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 7, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Opó apẹja wà lórí ìkúnlẹ̀ létí omi, ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò sọ̀rọ̀. Ẹ wúkọ́. Mo ka ohun tí mo lè kà nínú ọkàn mi, mo fa fúláàṣì mi yọ, mo ní "Ẹ ṣeun, sà," mo jáde.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé Bọ̀dá mi gan-an ò lè wò ó tán. Irọ́ ni, àbí? Tó bá jẹ́ ẹ dá a dúró pátápátá ni, ojú tẹlifíṣọ̀n ìbá ti di búlúù. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ títí mo fi fa fúláàṣì yọ. Pọ́ọ̀sì lẹ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín.

Kí ni? Ṣé ìlà ni? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fò ó, obìnrin náà wo ọ̀tún, ọkọ náà wo ọ̀tún. Ṣé afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń na máìkì bí ẹni ń gbọn tapólì ni? Àbí àdìrẹ Ìyá Àgbà tó ró, tí mo yọ nínú àpótí láìtọrọ lọ́wọ́ yín? Lóru, tí iná bá lọ, èyí ni mò ń kà lórí ìka.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ẹ̀yin náà ò ṣe dáadáa. Ẹ̀yin ni àgbà. Ilé yín sí ilé wa ò ju kéèyàn jẹ àgbàdo sísun kan tán lọ. A rí ara wa lọ́dún Iléyá, ẹ gé itan fún mi, ẹ bi mí léèrè ọkọ, ẹ bi mí léèrè eyín tó ń dùn mí. Ẹ ò bi mí nípa fíìmù. Mo ń bu ẹran jẹ, mò ń dúró de gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ní ti àwọn tó kù, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi. "Ó dáa gan-an. Ọlọ́run á gbé ẹ ga." Àmín, ṣùgbọ́n níbo ló ti sú yín? Obìnrin kan ní Ìkòròdú tó ń to fíìmù pọ̀ fún àwọn èèyàn ló là mí lójú. Ó ní kí n má bi ẹnikẹ́ni bóyá ó dáa. Kí n má ṣàlàyé kankan kí wọ́n tó wò ó, kí n jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú wọn, tó bá parí kí n ní kí wọ́n sọ ìtàn náà padà fún mi. Mo gbé e lọ sọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja mẹ́rin. Ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀, ó ń bọ̀, ìṣẹ́jú méjì gbáko ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ti padà sídìí ẹja tó ń họ ìpẹ́ rẹ̀. Ìyá tó dàgbà jù wò mí lójú: "Ọba Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò ní Èkó gan-an ò pẹ́ tó báyìí lórí omi kó tó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọbẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n wá sọ ìtàn náà padà, méjì nínú wọn ní ọkọ náà ti lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó ti kú sómi, Bọ̀dá! Orí mi nìkan ló kú sí, kò kú sínú fíìmù.

Mo gé e di ìṣẹ́jú 6 àti díẹ̀. Mo kó òṣèré mi wọ yàrá, mo ta kúbùsù yí i ká, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Àwòrán tó ṣókùnkùn, wọ́n máa ń fara dà á. Ohùn tí wọn ò bá gbọ́ ni wọ́n ń dìde fún. Ó dáa sí i. Mi ò gbé e wá fún yín. Ìgbéraga ni, mo mọ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì wà lọ́wọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo jẹ ẹni tó ni kámẹ́rà lówó ọjọ́ méjì, ó ti ń pe Màámi. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ọmọ apẹja ti ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ń kọ́lé ní Lẹ́kìí, ó ti fárí, bẹ́ẹ̀ a ti ya ìdajì eré pẹ̀lú irun. Láptọ́ọ̀pù mi ń gan nígbàkigbà. Màámi bi mí lánàá pé tí wọ́n bá ní kóun dárúkọ iṣẹ́ mi, kí lòun máa pè é.

Ibì kan wà nínú rẹ̀. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ìlẹ̀kùn ti pa, ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra etí ìborùn rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo ti tan kámẹ́rà. Ìṣẹ́jú àáyá 18 ni. Obìnrin Ìkòròdú ní kí n gé e di 5. Mo ti gé e lẹ́ẹ̀mejì, mo ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ra bátìrì sí rìmóòtù.

Bọ̀dá, 18 ni àbí 5?

Ọmọ yín