Lẹ́tà sí Kúnlé, ẹni tó ń ka tẹ́ẹ̀sì fún Bàámi

Kúnlé, àbúrò mi,

Lánàá, Bàámi, tí ojú wọn ò ríran mọ́, fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ fún wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó dúró tì wọ́n. Nígbà tí álẹ́ẹ̀tì wọlé tí foonu kà á sí wọn létí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Kúnlé ì bá wà ńbí o."

Mi ò gbàgbé pé ìwọ lo ṣe ojú fún wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Láti ₦100 dé ₦1,000, gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà ni owó wa. Ọwọ́ ò lè mọ ₦200 yàtọ̀ sí ₦500, àwọn ọlọ́jà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo ń bá wọn ṣẹ́ ₦200 po lẹ́ẹ̀kan, ₦500 lẹ́ẹ̀mejì, tó o sì ń fi ₦1,000 sílẹ̀ láìṣẹ́po. Nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n ní 2023, tí gbogbo ayé bọ́ sórí tíránsífà, ìwọ náà lo mú wọn lọ gba káàdì. Ìwọ ni òṣìṣẹ́ báǹkì yẹn ń bi pé, "Ṣé wọ́n lè sáìn?", bí ẹni pé Bàámi ò sí níjòókòó. Ó tún ní kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí wá, kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé pé bí owó bá sọnù, kò kan báǹkì. Láti 2019 ni òfin ti wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ báyẹn: ìtanràn ₦1,000,000 fún iléeṣẹ́, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàámi tẹ̀ka. Wọ́n nílò káàdì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni kò tíì tán lọ́kàn mi. Ẹni tó pè wọ́n sọ pé láti báǹkì lòun ti ń pè, ó sì dárúkọ Bàámi ní kíkún. Orúkọ yẹn ló mú wọn gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì èèyàn sórí áàpù bí ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́, orúkọ onítọ̀hún á yọ sí i. Ó ní BVN wọn ò bá NIN mu, pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọn á ti àkáǹtì náà. Ìkánjú yẹn ni ohun ìjà àwọn oníjìbìtì, ẹni tí kò ríran ló sì ń pa jù. Kò lè máa gbọ́ ẹni tó ń pè é, kó tún máa gbọ́ foonu tó ń ka tẹ́ẹ̀sì. Àfi kó gbé foonu fún ẹlòmíràn. Bàámi gbé e fún ọ. O ka nọ́ńbà iwájú káàdì, o ka mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà wọlé, o ka ìyẹn náà.

Tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣì wà lórí foonu, mi ò jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Báǹkì kọ ọ́ sábẹ́ kóòdù náà pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ báǹkì. Ṣé o rí ìlà yẹn, Kúnlé? Ṣé o kà á dópin? Nọ́ńbà mẹ́fà ni Bàámi gbọ́ lẹ́nu rẹ, wọn ò gbọ́ ìyókù. Ẹni tó ń kàwé fún ẹni tí kò ríran ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣà á kà. Mi ò sọ pé o lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e lo kó lọ sí Abẹ́òkúta, o ò sì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé la tó gbọ́ pé wọ́n ti kó owó Bàámi lọ. Owó tí wọ́n bá fi irú ọ̀nà yẹn jí kì í pẹ́ níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí; ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti dé àkáǹtì mìíràn tàbí ọ̀dọ̀ oní-POS. Ẹni tó bá tètè pe báǹkì, tó sọ iye, àkókò àti àkáǹtì tó gbà á, wọ́n lè bá a dè é mọ́lẹ̀ tó bá ṣì wà níbẹ̀. Tiwa ti lọ.

Bí Bàámi ṣe ń fi owó ránṣẹ́ fúnra wọn báyìí nìyí. Bọ́tìnì ohùn méjèèjì ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, TalkBack, ohun tó ń ka ojú foonu síta fún ẹni tí kò ríran, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Dandan ni íápíìsì, nítorí lójú USSD, ìyẹn kóòdù báǹkì tí à ń tẹ̀ láìlo áàpù, foonu máa ń pe nọ́ńbà PIN síta bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fi ìka mẹ́ta kan ojú foonu kí mẹ́nù jáde, wọ́n á yan "Hide screen". Ojú foonu á ṣókùnkùn, ẹni tó jókòó tì wọ́n ò ní rí nǹkan kan. Mẹ́nù USSD máa ń pòórá kí TalkBack tó kà á tán, torí náà kóòdù gbọọrọ kan ni wọ́n ń tẹ̀, tí iye owó àti àkáǹtì ẹni tó máa gbà á ti wà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni náà á jáde, wọ́n á gbọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n tó tẹ PIN. Nọ́ńbà tí a fi ń pe báǹkì, tó wà lẹ́yìn káàdì, ti wà nínú foonu. Ẹni yòówù tó bá pè tó ní báǹkì lòun, wọ́n á gé e, wọ́n á pe ìyẹn. SIM náà ti ní PIN tirẹ̀: bí olè bá yọ ọ́ sínú foonu mìíràn, tó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, PUK, nọ́ńbà tó ń ṣí SIM tó ti tì, ni yóò máa bi í. Wọn kì í fi káàdì gba owó lọ́dọ̀ oní-POS mọ́, tíránsífà ni. POS àtijọ́ ní àmì tí ọwọ́ lè mọ̀ lórí 5. Gíláàsì pẹrẹsẹ ni tuntun, kí èèyàn sì pe PIN rẹ̀ sókè láàárín ọjà ló kù.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi lè gbé ọ̀rọ̀ yìí jù sílẹ̀. Wọ́n ti bá glókómà, àìsàn ojú tí Bàámi ní, lójú èmi náà. Kò ro mí. Mo ṣì ń rí ọ̀ọ́kán, ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣú. Timolol ni mò ń kán sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò lè dá èyí tó ti lọ padà, ó kàn ń dá ìyókù dúró, owó rẹ̀ sì ń gorí owó. Ọmọ mi ti ń gba foonu lọ́wọ́ mi kó bá mi kà á. Mi ò tíì fún un ní PIN, ó sì ń dùn mí pé mi ò lè fún un.

Bàbá kan náà ló bí bàbá rẹ àti Bàámi, àìsàn yìí sì máa ń rìn nínú ẹbí. Lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Sọ fún wọn pé ẹbí rẹ ní glókómà, kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú rẹ, kí wọ́n sì wo iṣan ẹ̀yìn ojú. Má jẹ́ kí wọ́n kàn fún ọ ní awò kí wọ́n ní ó ti tán. Kó o sì fèsì lórí ìlà yẹn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé o ò kà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.