Àjọkẹ́, dìde nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Láti ìgbà tí o ti ní o ti dé Kàdúná, mi ò gbóhùn ẹ mọ́, status lásán ni mò ń rí. Kì í ṣe ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ èyí o. Ọmọ Ìyá Wàídì tó ń wakọ̀ lọ s'Ókè Ọya ló pàdé mi l'ọ́jà Ìgbọ̀nà, mò ń ra ata lọ́wọ́, ó na fóònù sí mi, ó ní, "Mummy, ṣé kì í ṣe Àjọkẹ́ nìyí?" Mo wò ó. Ìwọ ni. O dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, nínú irin tí wọ́n fi ṣọgbà sí ọ̀nà eré ẹṣin, ní ibi tí ẹṣin ń gbà, kámẹ́rà lójú, àwọn ẹṣin sì ń já bọ̀ lókè ọ̀hún. Fídíò yẹn ò parí, ibẹ̀ ló gé sí. Mo gbàgbé ata mi sílẹ̀.

Ṣé o fẹ́ pa mí ni?

Ilé wà. Pọ́m̀pù omi ti bàjẹ́, àbúrò ẹ ní òun ò ṣe JAMB mọ́, fóònù lòun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, mo ti gbọ́. Owó tí o fi ránṣẹ́ wọlé, o ṣé, Ọlọ́run á túbọ̀ bùkún ẹ.

Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn. O mọ̀ pé fótò ni mo fi tọ́ yín, nítorí náà má sọ pé Mummy ò mọ̀ ọ́n. Panning tí o torí ẹ̀ lọ yẹn, ká máa fi kámẹ́rà bá ohun tó ń sáré yí kí òun lè mọ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì fà, ta ló ní kí o sún mọ́ ẹṣin? Ẹṣin tó bá ń bọ̀ lójú ẹ ganran, kò sí panning kankan níbẹ̀. Èyí tó ń gba iwájú ẹ kọjá ni èèyàn ń bá lọ. Bó bá sì sún mọ́ ẹ jù, ó ti lọ kí o tó yí, orí ẹ̀ lè mọ́ kí ìdí ẹ̀ bàjẹ́. Tó bá jìnnà díẹ̀ ni wàá lè rọra bá a yí tí ẹ̀yìn ẹ̀ á fà gbọọrọ bó ṣe yẹ. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ṣe ló ń sún mọ́ ọn, ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe, kí lò ń wá nínú irin?

Ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì, ibi tí o ti máa tẹ kámẹ́rà ni kí wọ́n kọjú sí, kì í ṣe ibi tí ẹṣin ti ń bọ̀. Ìbàdí ni kí o fi yí lọ pàdé ẹ̀, fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí o wá máa bá a yí bọ̀ bí ẹni tó gbé omi sórí tí wọ́n pè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣebí kì í yí ọrùn nìkan. Tó bá kan iwájú ẹ, rọra tẹ̀ ẹ́, má dúró o, máa bá a lọ títí á fi kọjá, torí ibi tí wọ́n ti ń dúró lójijì yẹn ni fótò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. Kọ́kọ́ fi ìyára ṣọ́tà, bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, sí 1/125, tó bá ti mọ́ ẹ lára kí o bọ́ sí 1/60, 1/30 ṣì ń dúró dè ẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ lo máa dà nù níbẹ̀, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Oòrùn ọ̀sán á pọ̀ jù fún ìyẹn, fi ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, sí 100, pa ihò lẹ́ǹsì kó kéré dé f/16, tó bá ṣì ń funfun, wá ND filter, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, dé e. Ojú ẹṣin àti ojú ẹni tó gùn ún ló gbọ́dọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́ kó dàrú bó ṣe fẹ́, òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé eré ló ń sá. Má sì tan flash sí ẹṣin lójú láéláé.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ibo ni mo ti ní kí o dọ̀bálẹ̀?

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Station Road máa ń sọ ti òyìnbó kan, Eadweard Muybridge. Ní 1878, ní Palo Alto l'Ámẹ́ríkà, olówó kan tó ń jẹ́ Leland Stanford fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Muybridge to kámẹ́rà lọ rẹrẹ, ó ta okùn sọ́nà, ẹṣin fúnra ẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ já okùn tí kámẹ́rà fi ń ṣí. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni, gbogbo ẹ̀ ń kúrò nílẹ̀, àmọ́ ìgbà tó bá kó wọn jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tó bá nà wọ́n jáde bí àwọn ayàwòrán ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló to kámẹ́rà sí o. Kámẹ́rà lásán, kò gbé e sójú ọ̀nà ẹṣin, wá wo ọmọ tí mo bí.

Mo mọ̀ pé wàá ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni. Èyí tó dáni nìyẹn. Èyí tó bá tẹni mọ́lẹ̀ ńkọ́?

Fótò oníbùlúù tí o fi sí status yẹn dáa. Mo fẹ̀ ẹ́ títí mo fi ń rí irun ọrùn ẹṣin yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ kàn di ìlà-ìlà, gbogbo oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ni mo fi hàn. Ọmọ burúkú. Tó bá jẹ́ ẹṣin náà lo fẹ́, Ojúde Ọba ò ha wà n'Íjẹ̀bú, ní ọjọ́ kẹta Iléyá? Wàá ní àwọn yẹn ń jó ni, wọn kì í sáré. Mo ti mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo rí fídíò yẹn, oorun ò kùn mí, mo gbé páálí nẹ́gẹ́tíìfù sílẹ̀. Ṣé o rántí inter-house sports yín? Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń yà bí wọ́n ṣe ń sáré tí mò ń tà á fún òbí wọn, ọdún tí ìwọ wá sáré fún Yellow House, òde ìyàwó ni mo wà n'Íkìrun torí owó. Gbogbo fótò ẹ tó wà nílé yìí, o dúró gbagidi ni, passport, ọjọ́ ìbí, àti ọ̀kan tí o ti ń bínú. Kò síkan tí o ti ń rìn. Mi ò mọ̀ bóyá òun lo ń lé kiri báyìí, àbí èmi ni mò ń ro àròjù. Mo ti kọ ọ́ sókè níbí pé kí o máa bọ̀ nílé wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo tún pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn irin ni o, Àjọkẹ́. Ẹ̀yìn irin. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Owó pọ́m̀pù tí o ní o máa fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi wá lẹ́ǹsì tó gùn dé 300mm, kí o lè máa rí wọn láti òkèèrè. A ó máa lọ pọnmi nílé Ìyá Wàídì. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún ẹ, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀ wò ó bóyá fungus ti wọ gíláàsì, kí o sì pè mí kí o tó sanwó, mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Èmi ni,
Màmá ẹ