Àkànní, má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un gbọ́. Inú mi dùn pé ilé-iṣẹ́ olórin fẹ́ gbà ọ́, ó sì tún dùn mọ́ mi pé èmi lo kọ́kọ́ sọ fún. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún ọ láti fọwọ́ síwèé, pé wọ́n á fún ọ ní mọ́tò, ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi.

O mọ̀ pé orin Sunny Adé ni mo fi rẹ̀ yín lẹ́kún. Òṣogbo níbí ni wọ́n ti bí i ní 1946, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọba Oǹdó ni. Nígbà tó ń kúrò nílé, Yunifásítì Èkó ló ní òun ń lọ, ìdí orin ló gbà lọ. Ìwọ ò parọ́ fún mi. Mo dúpẹ́.

Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí ayé padà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kó tó dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ ní 1967. Bàbá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ láìnu ọwọ́. Lóde ìyàwó, lóde òkú, orin rẹ̀ ni wọ́n ń jó. Síbẹ̀, nígbà tó di 1974, ọ̀rọ̀ owó ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin òun àti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde. Àkànní, orin kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó o. Àdéhùn ni.

Ó bá dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Sunny Alade Records. Nígbà tí Island, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde nílùú òyìnbó, mú un, wọ́n gbé Juju Music jáde ní 1982, Synchro System ní 1983, èyí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ orin Grammy, àti Aura ní 1984. Wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àwo mẹ́ta péré! Ẹlòmíràn ì bá parẹ́ síbẹ̀, àmọ́ òun ní ilé tó lè padà sí. Ó ń gbé àwo jáde nílé, ó ń ṣeré lóde.

Nítorí náà, bi wọ́n: ta ló ni ohùn rẹ tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, lẹ́yìn tí ọdún márùn-ún inú ìwé náà bá pé? Mọ́tò yẹn, ṣé ẹ̀bùn ni, àbí gbèsè tí wọ́n á kọ́kọ́ yọ kúrò nínú owó orin kí kọ́bọ̀ tó kàn ọ́? Bí ẹ bá pínyà, ṣé o ṣì lè máa jẹ́ orúkọ tí o fi ń kọrin? Èmi náà fọwọ́ sí ìwé ṣọ́ọ̀bù rí láìkà á, ìwọ náà rí bí wọ́n ṣe kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi síta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀ n'Íkẹjà. Ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé náà, pàápàá ibi tí wọ́n kọ wínníwínní, fi ránṣẹ́ sí i kó tó di Ọjọ́rú. Bí wọ́n bá ń kanjú, ní ìyá rẹ ló ní kí o dúró.

Mo ti fi ẹ̀lùbọ́ rán awakọ̀. Lọ gbà á ní gáréèjì lọ́la.

Èmi ni ìyá rẹ.