Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Tún Abúlé Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo ka ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìgbèríko. Ẹ ṣeun. Kí ẹ tó máa wá owó kiri, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn Zulu tó wà ní St Lucia, ní ìpínlẹ̀ KwaZulu-Natal lórílẹ̀-èdè South Africa, fún yín.

Koríko kan ń hù nínú ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ncema. Òun ni wọ́n fi ń hun icansi, ẹní tí ìyàwó tuntun ń kó fún àwọn àna rẹ̀. Ìjọba ti fi òfin dáàbò bo ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, bí oṣù Karùn-ún bá ti wọlé, wọn a ṣí i fún ìgbà díẹ̀. Àwọn obìnrin a gba ìwé àṣẹ, wọn a ká aṣọ sókè, wọn a wọnú omi tòun ti dòjé. Gígé ni wọ́n ń gé e. Gbòǹgbò a kù sínú ẹrẹ̀, bó bá di àmọ́dún a tún rú. Bí ẹní bá kúrò nínú ìgbéyàwó wọn, ta ni yóò tún bìkítà fún koríko?

Kò rọrùn o. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wa òkìtì iyanrìn etí òkun ibẹ̀ nítorí irin kan tí wọ́n ń pè ní titanium. Awuyewuye pọ̀ kí ìjọba tó kọ̀ ọ́ ní 1996. Ní 1999, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ń dáàbò bo igbó náà ò mọ́: wọ́n ti lé àwọn ará Bhangazi kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn tipẹ́. Ọdún 1999 yìí kan náà ni wọ́n tó yanjú ẹjọ́ wọn. Wọ́n gba owó, wọn ò padà lọ gbé ibẹ̀.

Ní Somkhele, tí kò jìnnà síbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fikile Ntshangase kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n fẹ ibi ìwakùsà èédú. Oṣù Kẹwàá 2020 ni àwọn agbébọn ká a mọ́lé, tí wọ́n yìnbọn pa á.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín. Nínú ìwé yín, ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará abúlé ló kẹ́yìn, lẹ́yìn pátákó orúkọ àti ayẹyẹ ìṣíde! Ẹ gbé e síwájú. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá tó ń gé nǹkan nínú igbó, ẹ bi wọ́n léèrè oṣù tí wọ́n ń gé e àti ẹni tó ń lé wọn, kí ẹ tó kọ iye owó kankan sílẹ̀.